Àpò Kajú Tí A So Mọ́ Mótẹ̀

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Ìyá Àgbà ni aago ilé wa. Kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ láti jí i. Á kàn mú ìgbálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, á gbálẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà tiwa, á sì máa bá ìgbálẹ̀ náà sọ̀rọ̀ sókè pé òun nìkan ló gbọ́ràn nínú agboolé yìí, pé àwọn yòókù ń sùn bí ẹni tí wọ́n háyà láti sùn. Bí o bá gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì tí o kò dìde, omi ni yóò tẹ̀ lé e. Èmi kì í dúró de omi. Mo máa ń gbé kòròbà lọ síbi ẹ̀rọ omi tí a ń fi ọwọ́ fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́, mo sì máa ń pọn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí n tó wẹ̀. Bí mo bá fi máa padà, àwọn ẹtù ti ń pariwo lórí òrùlé, ìyá mi ti dáná, ọmọ odó sì ti ń dún ní agboolé kejì, nítorí pé ní Mánígìrì, ìlú wa, a kì í dúró de ọjọ́ ọdún kí a tó gún iyán. Mo ti di ìyá àwọn ọmọ báyìí, ìlú mìíràn ni mo ń gbé, fóònù ló sì ń jí mi. Kò sí ìgbà tí mo gbọ́ ọ tí inú kì í bí mi díẹ̀, nítorí fóònù kò mọ ènìyàn bú.

Bàbá mi, Músà, mẹkaníkì ni. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà: abẹ́ igi igbá ńlá kan, èyí tí a fi ń ṣe irú, tó wà láàárín agboolé wa àti ọ̀nà Bàsílà. Àbúrò rẹ̀, Sàká, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ń wa kámíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù ilé wa, kámíọ̀n yẹn ló sì ń bọ́ wa. Òun ló ń kó iṣu àti kajú àwọn ará Mánígìrì, títí kan ti Dogẹ̀, abúlé kan ní agbègbè wa, gba Bàsílà àti Penesúlù kọjá, tí ó sì ń gun òkè Aléjò lọ bá àwọn oníbàárà tó wà lókè ọ̀hún. Ní ọdún méjì ṣáájú, bàbá mi so tọ́bò mọ́ mótẹ̀ kámíọ̀n náà. Mótẹ̀ ni àwa ń pe ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ẹ́ńjìnnì. Tọ́bò jẹ́ irin kan tó ká bí ìgbín. Èéfín mótẹ̀ ló ń yí i, òun náà á wá máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i sínú mótẹ̀, kí epo lè jó dáadáa, kí agbára sì pọ̀. Agbára pọ̀ lóòótọ́. Ohun tí bàbá mi kò pààrọ̀ ni bóátì, ìyẹn àpótí irin tí jíà wà nínú rẹ̀, tó ń gba agbára lọ́wọ́ mótẹ̀ fún táyà. Ó wò ó, ó ní yóò gbé e. Ní ìdajì òkè Aléjò, eyín inú bóátì kán, kámíọ̀n tó kún fún iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, bíréèkì kò mú un, àpáta kan ló dá a dúró. Ẹsẹ̀ òsì Bàbá Kékeré ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Gbogbo àsìkò òjò ọdún náà ló fi dùbúlẹ̀ ní yàrá Ìyá Àgbà, nígbà tó sì dìde, ó ń tiro.

Ìyá Àgbà kò bá bàbá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìyẹn gan-an ló sì burú. Obìnrin tó lè bá ìgbálẹ̀ jà, tó bá ewúrẹ́ jà, tó bá òjò jà nítorí pé ó rọ̀ sórí èlùbọ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kámíọ̀n jókòó sílẹ̀, koríko hù yí táyà rẹ̀ ká, adìyẹ ń yé sínú ilé ìjókòó awakọ̀. Bàbá Kékeré ń lọ sóko pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ kò lè di àgbẹ̀ lọ́sàn-án kan òru kan. Ebè tó bá kọ máa ń wọ́ bí ọ̀nà Aléjò ni, àwọn ènìyàn sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wá wálé, á lọ jókòó sínú kámíọ̀n láàárín àwọn adìyẹ, á di ìdarí ọkọ̀ mú. Mo rí i níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá ń lọ kó ẹyin. Kì í lé mi. Nígbà tí bàbá mi wá sọ pé òun ti tún mótẹ̀ náà ṣe, pé òun ti fi tọ́bò tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i, Ìyá Àgbà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

“Músà,” ó ní, “ojú lo fi wọ̀n ọ́n níjelòó. Bí o bá fẹ́ kí ọmọ mi tún gun òkè yẹn, má fi ojú wọ̀n ọ́n mọ́.”

Bóátì méjì ló wà tí bàbá mi lè yàn nínú wọn. Èkíní wà nílé, ó yọ ọ́ lára kámíọ̀n kan tó ti kú, ó sì bá ti wa mu láìgé nǹkan kan. Èkejì wà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta irin àlòkù ní Bàsílà, ó tóbi, ó wúwo, tí a bá sì máa lò ó, a ó gé irin abẹ́ kámíọ̀n, a ó gé ọ̀pá gígùn tó ń lọ sí táyà ẹ̀yìn kúrú, iṣẹ́ tí yóò gbà ju oṣù kan lọ. Kí a tó ṣe é tán, kajú ọdún náà á ti tán nílẹ̀. Lára bóátì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kan irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ọn tó sọ iye agbára ìyí tó lè gbà. Ti ilé sọ pé kílò mẹ́rìnlélógójì ní mítà kan; ti Bàsílà sọ pé márùndínlọ́gọ́ta. Mo béèrè ohun tí ìyẹn jẹ́, nítorí mo ti wà ní kíláàsì tí a ti ń ṣe ìṣirò ńlá, mo sì rò pé mo gbọ́n. Bàbá mi mú mi lọ síbi ẹ̀rọ omi. Ó ní kí n di apá rẹ̀ mú nítòsí ìdí, kí n tẹ̀ ẹ́. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mira. Ó ní kí n di ìkángun rẹ̀ mú. Ìka mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́, omi sì dà. Ó ní nítorí náà, kì í ṣe ẹrù nìkan là ń wò, a ń wo bí ó ti jìnnà sí ìdí tó. Èyí tó wúwo nítòsí lè dọ́gba pẹ̀lú èyí tó fúyẹ́ lọ́nà jíjìn. Mo gbọ́ ọ yé, ó sì wà lórí mi títí di òní ju ohunkóhun tí wọ́n kọ sójú pátákó fún mi lọ.

Ó wá ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí ní ìlú wa. Ó de mótẹ̀ náà mọ́ igi ìrókò méjì tó rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi igbá. Ó gbẹ́ igi apá méjì, ó fi wọ́n há àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn mótẹ̀ láàárín, ó fi bóòtù fún wọn pọ̀ bí ẹni di ẹrù koríko. Lára igi yẹn ló ti yọ ọ̀pá kan síta, ìdajì mítà géérégé láti àárín. Ìkángun ọ̀pá náà la ó so àpò kọ́. Bí mótẹ̀ bá ń yí, igi á há a mọ́ra, yóò fẹ́ gbé ọ̀pá náà lọ sókè pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹrù tó bá lè gbé kúrò nílẹ̀ láìkú, ìyẹn ni agbára rẹ̀. Òṣùwọ̀n tó súnmọ́ wa jù wà ní Bàsílà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rò pé a nílò rẹ̀. Gbogbo ọmọ Mánígìrì ló mọ̀ pé básíìnì kajú kan tí a gé lórí dọ́gba, kílò mẹ́wàá ni. Básíìnì mẹ́jọ ni àpò kan, ọgọ́rin kílò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ wá tún mọ̀ pé àpò kì í lọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá ti wọn mẹ́jọ tán, a ó fi ènì lé e, a ó rán an yọrí sókè bí fìlà. Ìyẹn là ń pè ní orí àpò. Àpò tí kò lórí, ojú olè ni wọ́n fi ń wo ẹni tó dì í. Bàbá mi mọ èyí, ó sì tọ Ìyá Àgbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kí ó bá òun di àpò kan, básíìnì mẹ́jọ géérégé, kí ó má fi orí sí i. Ìyá Àgbà ní òun ti gbọ́.

Èmi àti Ìyá Àgbà la jọ dì í, lẹ́yìn ilé, nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ sí oko. A wọn mẹ́jọ. Ó dúró, ó wo àpò náà tó rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ lẹ́nu, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó ní ṣé àpò yìí ni wọ́n fẹ́ so kọ́ sí etí ọ̀nà kí gbogbo ará Dogẹ̀ tó ń kọjá máa wò ó pé ti òun ni. Ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, pé mótẹ̀ tó máa gbé Sàká gun òkè, a kì í dán an wò pẹ̀lú ẹrù ọmọdé. Bó bá lè gbé èyí tó pọ̀, èyí tó kéré kò ní le fún un. Ó ní kí n wọlé sínú àpò. Mo bọ́ sínú rẹ̀, mo ń tẹ kajú náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ amọ̀, ó ń da kún un, mo ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jìgìjìgì, ó tún ń da kún un. Nígbà tó rán ẹnu rẹ̀, òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí orí kankan, ara rẹ̀ sì le bí ikùn ẹni tó jẹ iyán yó. “Orogún mi,” ó ní, bó ti máa ń pè mí nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, “má sọ fún bàbá ẹ o.” Mo ní mi ò ní sọ. Inú mi dùn gan-an ni. Mo rò pé a ti bá Bàbá Kékeré ṣe oore.

Ọjọ́ tí a dán an wò, gbogbo agboolé ló jáde. Bàbá Kékeré ló ń fún un ní epo. Bàbá mi ń fún bóòtù pọ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi àti ìyá mi sì ń da omi sórí igi apá nítorí ó ń rú èéfín bí ẹni ń sun igbó. A kò lè ṣe é pẹ́. Ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn lè fi ka oókan dé mẹ́wàá, a ó dúró, a ó jẹ́ kó tutù, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, àpò gbéra. Ó kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó dúró síbẹ̀, ó ń mì díẹ̀díẹ̀, mótẹ̀ ń kùn ṣùgbọ́n kò kú. Bàbá mi ní kí wọ́n gbé ọmọ ọlọ lé e lórí. Wọ́n gbé e lé e, àpò sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yọ ọ́, àpò tún gbéra. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà wò mí, ó ṣẹ́jú. Bàbá mi bi mí pé ọgọ́rin kílò ní ìdajì mítà, mélòó ni ní mítà kan? Mo fi igi kọ ọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀: ogójì. Ó ní ó tán, bóátì ilé ni a ó lò. Mẹ́rìnlélógójì ju ogójì lọ. Ó rẹ́rìn-ín, èyí tí mi ò rí kó ṣe láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà ni a jẹ, pẹ̀lú wàrà díndín tí ìyá mi rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Èmi ni mo ń bu omi fún àwọn ọkùnrin láti fọwọ́. Bàbá Kékeré béèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, pé tó bá jẹ́ pé mótẹ̀ gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́, bí àpò kan àti díẹ̀. Bàbá mi ní nígbà náà, òun kò ní jẹ́ kí ó gun òkè pẹ̀lú bóátì ilé. Ó ní àwọn ènìyàn rò pé mótẹ̀ tí kò lágbára ló ń pa awakọ̀ lórí òkè. “Èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti bóátì lọ ni,” ó ní. “Òun ló jẹ eyín bóátì ọjọ́sí. Òun ló ṣẹ́ ọ lẹ́sẹ̀.” Wọ́n ń jẹun lọ. Omi dà lọ́wọ́ mi sórí ẹsẹ̀ mi, ìyá mi sì kígbe mọ́ mi pé ṣé mo ń sùn ni. Mo ti lóye. Àpò tí èmi fúnra mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kì í ṣe ọgọ́rin, ohun tí mo kọ sórí iyẹ̀pẹ̀ kì í ṣe òótọ́, gbogbo oore tí a ṣe fún Bàbá Kékeré sì ni yóò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń gun òkè.

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí lè sọ pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ náà. Ní ilé wa nígbà yẹn, ọmọ tó bá tú ohun tí àgbà ní kó bo mọ́lẹ̀, wọn kì í lù ú. Wọ́n kàn ń dákẹ́ nígbà tó bá wọlé. Mo ti rí i kí wọ́n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi kan, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju pàṣán lọ. Mo tún ń sọ fún ara mi pé ó lè má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé kílò mẹ́rin ṣì wà láàárín ogójì àti mẹ́rìnlélógójì. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi so bóátì ilé mọ́ kámíọ̀n. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo ń gbọ́ tí bàbá mi ń fi súfèé kọrin lábẹ́ ọkọ̀, mo ń rí Bàbá Kékeré tó ń fi ọṣẹ fọ ìgbẹ́ adìyẹ kúrò lórí ìjókòó, mi ò sì lè jẹun. Ìyá mi fún mi ní àgbo.

Ọjọ́ kẹrin ni mo sọ fún Ìyá Àgbà. A ń bẹ iṣu lẹ́yìn ilé, níbi tí a ti di àpò náà. Mo sọ ọ́ pátápátá bí bàbá mi ti sọ ọ́: pé kì í ṣe àìlágbára mótẹ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, agbára rẹ̀ tó pọ̀ jù ni, pé bí a ti ti kajú kún àpò, a kò mú ìdánwò náà le fún mótẹ̀, ńṣe ni a mú kí wọ́n rò pé agbára rẹ̀ kéré ju bó ti rí lọ. Ó kọ́kọ́ bínú. Ó ní ta ló ń kọ́ mi ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá mi ló sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ó ń bẹ iṣu lọ, ṣùgbọ́n èèpo tó ń bẹ nípọn débi pé ìdajì iṣu ló ń bá a lọ sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n lọ pọn omi. Omi wà nílé. Mo lọ pọn ọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ yóò gbéra. Wọ́n ti kó iṣu kún un, obìnrin méjì láti Dogẹ̀ ti gun orí ẹrù náà pẹ̀lú agbọ̀n wọn. Ìyá Àgbà kò gbálẹ̀ ní àárọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì kíyè sí i àfi èmi. Wọ́n ṣàdúrà. Bàbá Kékeré wọ aṣọ tó fọ̀ tó lọ̀, ó gun òkè sí ìjókòó rẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ òsì wọlé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ṣíná sí mótẹ̀. Mo fẹ́ lọ di aṣọ bàbá mi mú. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé e síwájú táyà, ó jókòó lé e, ó sì kọ ojú sí ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ yáàrùn. Àwọn ènìyàn rò pé àwàdà ni. Bàbá Kékeré pa mótẹ̀.

“Àpò yẹn kì í ṣe ọgọ́rin,” ni Ìyá Àgbà wí. “Mo ti nǹkan kún un.”

Bàbá mi ní, “Ìyá, mo ní kí ẹ má fi orí sí i.”

“Mi ò fi orí sí i. Inú ni mo fi sí.”

Àpò náà ṣì wà lábẹ́ igi igbá níbi tí a fi sí. Bàbá mi tú ẹnu rẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó sì ní kí Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ó wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wa, ó ń fi ọ̀pá gé orí básíìnì kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Nígbà tó dé mẹ́jọ, gbogbo wa rí i pé àpò kò tíì tán. Ẹ̀kẹsàn-án kún. Ẹ̀kẹwàá kò kún ìdajì. Bàbá mi ní kílò mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nìyẹn, ó kéré tán, kí ó tó wojú mi, mo ti pín in sí méjì: mẹ́tàdínláàádọ́ta. Bóátì tó wà lábẹ́ ọkọ̀, mẹ́rìnlélógójì. Bàbá mi kò sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà rí ojú rẹ̀. Ó fi básíìnì sílẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Músà, ṣé mo fẹ́ pa ọmọ mi ni?”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí kajú tó wà nílẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àdúrà rẹ̀ lọ́rùn. “Ẹ̀yin kọ́,” ó ní. “Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún yín. Mo ní kí ẹ má fi orí sí i, mi ò sọ ìdí rẹ̀.” Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ gan-an lè fi ìfẹ́ parí ààbọ̀ yẹn, kó sì di odidi mìíràn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò báyìí, mo máa ń sọ ìdí. Wọ́n ní mo máa ń sọ̀rọ̀ jù.

Bàbá Kékeré sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní iyán kí òun tó sọ ẹrù kalẹ̀, pé òun kò lè kú láàárọ̀ kí òun tún ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án pẹ̀lú ikùn òfìfo. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ bóátì ilé. Wọ́n gbé ti Bàsílà wá, wọ́n gé irin, wọ́n gé ọ̀pá, ó gbà ju oṣù kan lọ gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti wí, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì kó kajú ìlú wa lọ lójú wa. A jẹ iṣu ju bó ti yẹ lọ ní ọdún náà. Kò sí ẹni tó bi Ìyá Àgbà pé ta ló bá a tẹ àpò, òun náà kò sì sọ. Mo rò pé ó ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra lẹ́ẹ̀kejì, Ìyá Àgbà tí kò kọjá Bàsílà rí láyé rẹ̀ ní kí wọ́n gbé òun gun ìjókòó iwájú, ó sì na ọwọ́ sí mi. Ìyá mi ní ọmọdé kọ́ ni yóò lọ dán ọkọ̀ wò lórí òkè. Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá di àpò ló máa jókòó síwájú. Ìyá mi kò gbọ́ ọ yé, ó sì bínú títí ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi gun ẹ̀yìn, lórí iṣu, pẹ̀lú gẹdú igi kan lọ́wọ́ tí yóò fi há táyà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

A kọjá Bàsílà, a kọjá Penesúlù. Ìyá Àgbà di ọrùn ọwọ́ mi mú láti ìsàlẹ̀ òkè. Mo ń gbọ́ bí bóátì ti ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ìró kan tó nípọn tí kò yí padà, mo sì ń ka á bí ẹni ń ka básíìnì. Ní ìdajì òkè, ó ní kí Bàbá Kékeré dúró. Bàbá Kékeré ní a kì í dúró níbí pẹ̀lú ẹrù, pé tí a bá dúró, bóátì ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ dìde láti ilẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí ó dúró. Ó dúró. Bàbá mi bẹ́ sílẹ̀, ó ti gẹdú bọ abẹ́ táyà, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Àgbà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ dúró níwájú àpáta kan tí ara rẹ̀ ṣì bó níbi tí irin ti gbá a, ó fi ọwọ́ kàn án.

“Ibí ni?”

“Ibí ni, Ìyá.”

“Ṣé o pè mí lọ́jọ́ náà?”

Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ìdarí ọkọ̀. “Mo pè yín,” ó ní.

“Mi ò gbọ́,” ni Ìyá Àgbà wí. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó wo ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti wá, ó wá padà, mo fún un lọ́wọ́ kí ó lè gun òkè sí ìjókòó, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí ó máa lọ. Bàbá mi fa gẹdú kúrò. Bàbá Kékeré fún mótẹ̀ ní epo, kámíọ̀n náà gbéra láti ibi tó dúró sí pẹ̀lú gbogbo iṣu orí rẹ̀, Ìyá Àgbà kò sì fi ọrùn ọwọ́ mi sílẹ̀ títí a fi dé òkè.